Ẹ̀yin Olóòtú, ojú tó ń wo nǹkan kì í ṣe ojú idán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà, mo mọ̀ pé kò rọrùn láti máa tẹ pépà Yorùbá jáde débi tá a fi ń rí i rà ní Àbújá níbí. Èmi kì í sábà kọ lẹ́tà, kíkà ni tèmi, ìyẹn náà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń ta pépà ní Kubwa, àwa àgbà bíi mẹ́fà la máa ń péjọ síbẹ̀ láàárọ̀, a ó ka àkọlé, a ó jiyàn, a ó lọ sílé (ẹ má bínú, mo máa ń ra tèmi lọ́jọ́ Sunday). Àmọ́ ohun tí ẹnì kan kọ sínú pépà yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti kó wa sí wàhálà. Ó ní àwọn onísáyẹ́ǹsì ti rí i pé kò sí nǹkan kan tó dá dúró láyé yìí, ojú ẹni tó ń wò ó ló ń sọ ọ́ di nǹkan, nítorí náà tó o bá tẹjú mọ́ àpò tó ṣófo pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé owó wà níbẹ̀, owó máa wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá ládùúgbò wa ti gé e, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Mo bi í pé ṣé owó ti dé, ó ní Bàbá, ìgbàgbọ́ yín ló kéré.

Mi ò bá a jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bó ṣe kan àwọn tá a jọ ń dúró kàwé lọ, torí iṣẹ́ wíwo nǹkan ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, ọbsáfà ni wọ́n pè mí, ìyẹn olùwòye, olùwòye ojú ọjọ́. Mo ṣe é ní Sókótó, mo ṣe é ní Kánò, mo ṣe é ní Jọ́ọ̀sì níbi tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí, kí n tó wá parí ẹ̀ sí Àbújá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn tí ò mọ̀ rò pé ifá là ń dá níbẹ̀, ìyàwó mi gan-an nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra máa ń bi mí pé ṣé òjò máa rọ̀ kí òun tó sá èlùbọ́, màá ní èmi kọ́ ni mò ń sọ ohun tó ń bọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ni mò ń kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àpótí funfun kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin láàárín pápá, igi ni wọ́n fi ṣe é, ara ẹ̀ rí bíi wíńdò onílúfà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú ẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé oòrùn wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀, àríwá ló kọjú sí, kí oòrùn má bàa bọ́ sórí themómítà nígbà tó o bá ṣí i. Wákàtí wákàtí la máa ń lọ síbẹ̀, àmọ́ àwọn wákàtí ńlá wà, aago kan òru, aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje alẹ́, àsìkò yẹn kan náà ni wọ́n ń wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Íńdíà, ní Bràsíìlì, níbi gbogbo lágbàáyé, mo máa ń ronú ẹ̀ lóru nínú ọyẹ́ Kánò pé àìmọye èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ló di tọ́ọ̀ṣì mú báyìí níwájú àpótí funfun bíi tèmi. Mégádì wa, ọmọ Háúsá kan, máa ń bi mí pé "Me kake kallo?", kí lò ń wò? Màá ní afẹ́fẹ́ ni. Á rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wa sọ ni pé ara rẹ wà lára ohun tó ò ń wọ̀n. Ojú rẹ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú orí mẹ́kúrì, ìyẹn omi fàdákà inú themómítà, tó o bá wò ó láti òkè, nọ́ńbà kan lo máa rí, tó o bá wò ó láti ìsàlẹ̀, òmíràn. Má mí sí i. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù, ó ní póìntì, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tó kẹ́yìn, bíi 4 nínú 31.4, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà ńlá. Kí ló fà á? Torí pé èèyàn gbóná. Bó o ṣe ṣílẹ̀kùn tó o sún mọ́ ọn yẹn, ooru ara rẹ ti ń ti mẹ́kúrì sókè, tó o bá ń fi àsìkò ṣòfò lórí 31 kó o tó kan póìntì, póìntì ti kúrò níbi tó wà.

Ṣé ẹ rí i, wíwò máa ń yí nǹkan padà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó kọ̀wé sínú pépà yín ti rí òótọ́ díẹ̀ mú, tó wá bomi là á títí tó fi di nǹkan míì. Ooru ara ló yí i, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ẹ lọ wo fọkanáísà tó bá ń fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ táyà, ẹ ó gbọ́ fíìì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti jáde kó tó mọ iye tó wà níbẹ̀. Fọkanáísà ò ro èrò kankan sí táyà yín o, géèjì ẹ̀ ló kàn án.

Mo rò pé ohun tí ẹni yẹn gbọ́ tí kò gbọ́ délẹ̀ ni ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tín tí ojú ò lè rí tó wà nínú gbogbo nǹkan. Wọ́n máa ń ta á lẹ́yọ ẹyọ gba inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà nítòsí ara wọn, ibi tó bá lọ bà lára pátákó tó wà lẹ́yìn á ní àmì, tí àmì bá ti pọ̀, ẹ máa rí i pé wọ́n to ara wọn ní ìlà ìlà bí aṣọ òfì. Tí wọ́n bá wá gbé ẹ̀rọ kan sẹ́nu ihò yẹn pé kó máa sọ èyí tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbà, ìlà yẹn á pòórá. Òótọ́ ni, kò sírọ́ níbẹ̀, orí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ń gbóná lórí ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń wò ó níbẹ̀, kì í ṣe ẹyinjú èèyàn. Kí gbogbo wọn ti yàrá yẹn pa kí wọ́n lọ jẹ àmàlà, kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, ìlà yẹn ò ní padà wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì sẹ́ni tó tẹjú mọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó ní kó bọ́ sápá ọ̀tún tí ìyẹn sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Mo gbà pé àwọn àgbà nínú wọn ti rò ó rí pé bóyá ọkàn èèyàn lọ́wọ́ sí i, Eugene Wigner tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963 kọ irú ẹ̀ ní 1961, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló padà pa èrò yẹn tì nígbà tó yá. Ẹ ò ní rí apá yẹn lára gíláàsì kẹ̀kẹ́ o.

Tó bá wá jẹ́ ti ìgbàgbọ́ àti wíwò pa pọ̀ ni, wọ́n ti dán an wò rí, ilẹ̀ Faransé ni. René Blondlot, ọ̀jọ̀gbọ́n tó lórúkọ ni, ní yunifásítì ìlú Nancy. Ní 1903 ó kéde pé òun ti rí ìtànṣán tuntun kan, lẹ́tà N tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Inú òkùnkùn lèèyàn gbọ́dọ̀ wà kó tó rí i, iná kékeré kan á kàn tún mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀ báyìí, díẹ̀ gan-an. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onísáyẹ́ǹsì Faransé náà fi ní àwọn ti rí i. Àwọn kan ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò títí ojú fi ń ro wọ́n, wọn ò rí nǹkan kan. Ní 1904 ará Amẹ́ríkà kan, Robert Wood, lọ bá wọn ní Nancy, wọ́n pa iná, wọ́n ń ka nọ́ńbà fún un, nọ́ńbà tó jẹ́ pé álúmínọ́ọ̀mù onígun mẹ́ta kan tó wà láàárín ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kó máa mú un wá. Wood na ọwọ́ nínú òkùnkùn, ó yọ kiní náà, ó fi í sápò. Wọ́n ṣì ń ka nọ́ńbà lọ. Nọ́ńbà kan náà! Blondlot kì í ṣe onírọ́ o, ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó tẹjú mọ́ ọn, àwọn tó yí i ká náà tẹjú mọ́ ọn, ìtànṣán ò tìtorí ìyẹn wá sáyé. Ohun tójú ń wá lojú ń rí, kì í ṣòní kì í ṣàná ni àwọn bàbá wa ti sọ ọ́.

Ti irọ́ gan-an wá wà lọ́tọ̀. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n fi orúkọ ìlú pa mọ́, a ní ẹnì kan tó máa ń se nọ́ńbà, ohun tá a ń pè é nìyẹn láàárín ara wa, síse. Tí iṣẹ́ òru bá kàn án, kó tó di aago mẹ́wàá á ti kọ ti aago méjìlá, ti aago kan, ti aago méjì, títí dé ìdájí, á wá na ẹní. Ó mọ̀ ọ́n sè o, á máa dín ooru kù díẹ̀díẹ̀ bí òru ṣe ń jìn, tẹ́ ẹ bá wò ó ẹ ò ní mọ̀. Àfi lóru ọjọ́ kan nínú oṣù December tí ọyẹ́ já wá lójijì láti apá Sàhárà, òtútù dé, eruku bo gbogbo pápá débi pé nígbà tílẹ̀ mọ́ a ò rí táńkì omi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Nínú ìwé tiẹ̀, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, èèyàn ń rí kìlómítà mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kan sì wà nínú àpótí tó máa ń fi yíǹkì fa ìlà ooru fúnra ẹ̀ lórí bébà, ìlà yẹn ti já wálẹ̀ láti nǹkan bí aago kan òru. Ọ̀gá to bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, kò sọ ohunkóhun. Ohun tó ká mi lára kì í ṣe ti òru ọjọ́ yẹn o, ti àwọn òru tó ti kọjá ni, torí a ò mọ èyí tó wò yàtọ̀ sí èyí tó sè, gbogbo ìwé tó ti fọwọ́ kàn fún bí ọdún méjì di ohun tá a ò lè fọkàn tán mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó fa ìlà síbẹ̀ pé òun sùn lọ ni, wọ́n á bá a wí, ìwé á sì ṣì wúlò.

Àwa tó kù náà ò mọ́ tán. Nígbà tí wọ́n bá yẹ ìwé wa wò, wọ́n máa ń rí i pé póìntì 0 àti póìntì 5 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ojú ló fẹ́ràn nọ́ńbà tó rọrùn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 140 lókè, 90 nísàlẹ̀ ni lóṣooṣù, ó ti dà bíi nọ́ńbà fóònù mi. Ẹ̀jẹ̀ náà fúnra ẹ̀ tún ní ìtìjú, tó bá ti rí aṣọ funfun á fò sókè, tí mo bá délé á wálẹ̀. Èwo ni kí n wá gbà gbọ́? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán oògùn streptomycin wò fún ikọ́ ife, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 1948, àwọn tó ń wo fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn 107 yẹn, wọn ò jẹ́ kí wọ́n mọ àwọn 55 tó gba oògùn àti àwọn 52 tí kò gbà. Kì í ṣe pé wọ́n pe dọ́kítà lólè. Dọ́kítà tó ń wù pé kí aláìsàn yè máa ń tètè rí i pé ara ẹ̀ ti ń yá ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà Kàdúná rí, ẹ mọ Àpáta Zuma, tẹ́ ò bá sì débẹ̀ rí ẹ yí náírà ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn, Awólọ́wọ̀ níwájú, Zuma lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló ń rí ojú èèyàn lára ẹ̀, èmi náà ń rí i, mi ò lè ṣe kí n má rí i. Àmọ́ ẹ rìn lọ sápá kejì kẹ́ ẹ tún wò ó, àpáta lásán ni. Irú ẹ̀ ló ṣe àwọn tó ń wo pílánẹ́ẹ̀tì Mars lójú ọ̀run. Schiaparelli ará Ítálì rí ìlà ìlà lórí ẹ̀ ní 1877, Percival Lowell ní Amẹ́ríkà wá gbà á bí ẹni gba òkè, ó ní àwọn ẹ̀dá kan ló gbẹ́ odò síbẹ̀, ó ya máàpù ẹ̀ jọ pelemọ. Ní 1965 ni Mariner 4, ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò sí èèyàn nínú ẹ̀, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mars tó ya fọ́tò ẹ̀, kòtò ló wà níbẹ̀, kò sódò.

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni mò ń sọ o. Tí mo bá ní Garki, ẹ̀yin ará Àbújá máa rò pé Area 1 àti Area 11 ni, rárá, Garki kan wà lápá Kánò, Jigawa ló bọ́ sí báyìí. Láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ìwádìí ibà níbẹ̀, títí dòní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ibà kárí ayé ṣì ń dárúkọ Garki, àwa tá a ń gbé ìtòsí ni ò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn ò kánjú. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n kàn fi ń wò, wọ́n ń ka ẹ̀fọn, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àwọn ará abúlé, kí wọ́n tó fín oògùn sára ògiri ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì fi àwọn abúlé kan sílẹ̀ láìfín nǹkan kan síbẹ̀, kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n máa fi wé e. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀fọn? Àwọn kan á jókòó láti alẹ́ mọ́jú, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè, ẹsẹ̀ wọn ni ìjẹ, tí ẹ̀fọn bá ti bà lé e wọ́n á mú un. Èmi tí mo máa ń ráhùn pé mo jí láago kan òru láti lọ ka themómítà, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa àwọn yẹn, mo dákẹ́.

Àwọn kan jókòó sínú ilé, àwọn kan jókòó síta. Ẹ fiyè sí ìta yẹn dáadáa. Oògùn tí wọ́n ń pè ní propoxur tí wọ́n fín sára ògiri dín ẹ̀fọn kù, tí wọ́n bá tún fún àwọn èèyàn lóògùn lò pẹ̀lú ẹ̀ ibà á wálẹ̀ gan-an, àmọ́ kò tán, torí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ò dúró lára ògiri lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu ẹ̀jẹ̀ tán, ìta ni wọ́n ń lọ. Ká ní inú ilé nìkan ni gbogbo wọn jókòó sí, ká ní ògiri nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á ti jó wọ Kánò pé ibà ti kógbá wọlé. Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1980, pé ohun tí àwọn rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ ò ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, owó tó tó báyẹn, ọdún tó tó báyẹn, ta ló máa wu kó kọ irú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oṣù ààwẹ̀ náà ń kọ́? Kí Sultan Sókótó tó kéde, ẹni tó bá ní òun rí oṣù máa ní láti lọ sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, wọ́n á sì tú u wò. Nígbà tí mo wà ní Sókótó, ọmọkùnrin kan sáré wọ mọ́sálásí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé òun ti rí i, ó ń fi Ọlọ́run búra. Bàbá arúgbó kan rọra ní kó fi ọwọ́ tọ́ka síbi tó wà. Ó na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀rín sọ, torí oṣù tuntun, ẹ̀yìn oòrùn tó ń wọ̀ ló máa ń wà, ìwọ̀-oòrùn, òun náà ò sì ní pẹ́ wọ̀. Ọmọ yẹn ò purọ́ lójú tèmi, ó ń wá oṣù, ó rí oṣù. Bàbá yẹn ò ka ìwé sáyẹ́ǹsì kankan, àmọ́ ìbéèrè tó bi í àti èyí tó tún fi tẹ̀ lé e, níbo lo dúró sí, ta lẹ jọ wà níbẹ̀, ṣé òun náà rí i, kò sí lábù kan láyé tí wọn kì í ti í bi ara wọn.

Torí náà Olóòtú, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí, kí ọmọ oníkẹ̀kẹ́ wa lè rí i kà, bó bá tiẹ̀ wù ú kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, mi ò bínú. Ẹni tó kọ ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn náà, tó bá ń wá sí Àbújá, mo ní agolo tí mo fi ń wọn òjò lẹ́yìn ilé, láràárọ̀ tí òjò bá ti rọ̀ mo máa ń wọ̀n ọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, ó ti di ìwé mẹ́ta báyìí, ó lè wá wò ó, ọmọ yunifásítì tó bá sì nílò ẹ̀ lè wá dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ta pépà ni wọ́n á ti bá mi. Kí wọ́n má ṣe bínú sí ọjọ́ mẹ́sàn-án kan tó ṣófo lọ́dún tó kọjá, mo lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Òjò rọ̀ ní Kubwa lásìkò yẹn, ọmọ mi ní ó pọ̀ gan-an, ó ní kí n kàn kọ nǹkan síbẹ̀. Àmọ́ kò wọ̀n ọ́n. Mo fa ìlà síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onítẹmómítà,
Kubwa, Àbújá.